Ikú Tiwa, Iku Àwọn Ará Jàpáànì



Ìlú ńlá kan wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Sípéènì tí wọ́n ń pè ní Bilbao. Ilẹ̀ àwọn Basque ni. Wọ́n ní èdè tiwọn tí kò bá èdè àwọn ará Sípéènì yòókù tan. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò tíì rí èdè kan láyé tí wọ́n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, tí ẹ bi ẹnì kan léèrè bóyá àlàáfíà ló wà, ó ṣeé ṣe kí ó dá yín lóhùn pé, "Ondo." Ọmọ Oǹdó tó bá gbọ́ ọ lè fò sókè, kí ó rò pé ẹni yìí mọ ìlú bàbá òun. Kò mọ̀ ọ́n. "Dáadáa" ló ń wí. "On" ni ohun tó dára lédè wọn, "ondo" sì ni dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Jàpáànì. Níbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí omi tàbí yàrá ṣe gbóná tó, "ondo" ni wọ́n máa béèrè. "On" tiwọn ni ìlọ́wọ́ọ́wọ́, "do" sì ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń kà á. Inú èdè àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti mú ẹyọ méjèèjì. Oǹdó wa, tí Ọṣemàwé ń jọba lé lórí, ní ìtàn tirẹ̀ nípa bí orúkọ náà ṣe jẹ́, kò sì sí Basque tàbí ará Jàpáànì kankan nínú ìtàn náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn: bí ìró kan náà ṣe máa ń wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí, tí oníkálùkù sì ń fi pe nǹkan tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún púpọ̀, nítorí pé orí irú ìjọra yìí ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ìtàn tí à ń gbọ́ nípa orísun Yorùbá kà. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ wa kan jọ ti àwọn Hébérù, òmíràn jọ ti Íjíbítì, nítorí náà ibẹ̀ la ti wá. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sábà dúró láti bi ọ̀rọ̀ náà léèrè ẹni tó bí i.

Mo fẹ́ fi èyí tó lè dẹ́rù bani bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ayé ni àwọn ará Jàpáànì ń sọ pé "iku". Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé ń sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ń sọ ọ́, ìyàwó ilé tó fẹ́ dé ọjà ń sọ ọ́. Wọn ò pe ikú o. "Lọ" ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wo bí èyí ṣe lè fa ènìyàn lọ́wọ́. Nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbà bá kú, a kì í fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba báyẹn. A ó ní bàbá ti lọ. A ó ní wọ́n ti relé. A ó ní wọ́n ti papò dà. Bí ikú bá wá jẹ́ lílọ lẹ́nu tiwa, tí "iku" sì jẹ́ lílọ lẹ́nu ará Jàpáànì, kí ló kù tí a kò fi ní sọ pé àwọn baba ńlá wa ti gbé pọ̀ níbì kan rí? Ẹni tó bá mọ ìtàn án pa lè fi èyí kọ odidi ìwé, ìwé náà yóò sì tà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ méjèèjì palẹ̀. Ẹ̀yà méjì ni ikú tiwa ní. "Kú" ni gbòǹgbò rẹ̀. "I" tó wà níwájú ni a fi sọ ọ́ di orúkọ, bí a ṣe ń sọ "lọ" di "ìlọ", tí a ń sọ "rìn" di "ìrìn", bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ti ikú yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwọn. Ti Jàpáànì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan kò lọ, "ikanai" ni wọn yóò wí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ pé àwọn ń lọ, "ikimasu" ni. "U" ti kúrò níbẹ̀ nígbà méjèèjì. Ohun tí kò yẹsẹ̀ ni "ik". Gbòǹgbò tiwọn nìyẹn, "u" sì jẹ́ àfikún ìparí tó lè wá, tó sì lè lọ. A wá ní ọ̀rọ̀ méjì tí etí kò lè fi ìyàtọ̀ sí, ṣùgbọ́n nígbà tí a gé wọn, oríkèé wọn kò bọ́ sójú kan náà. Tiwa pín sí "i" àti "kú". Tiwọn pín sí "ik" àti "u". Ohun tó jẹ́ egungun fún ọ̀kan, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wù fún èkejì.

Mọ̀lẹ́bí ikú tiwa wà nítòsí. Bí ẹ bá dé Àbọ̀mẹ̀, àwọn Fọ̀n ń wí pé "kú" bíi tiwa. Bí ẹ bá dé Lomé, àwọn Ewe náà ń wí pé "kú". Kò sí ẹni tó máa ń fi èyí ṣe ìròyìn, nítorí pé Lomé kò jìnnà tó Tokyo.

Kí ló wá dé tí ìró fi ń ṣe kòńgẹ́ ara wọn báyìí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé àti gègé nítòsí lè kọ ọ́ sílẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì 18 ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní. Fáwẹ́ẹ̀lì tí a kì í ránmú pè jẹ́ 7. Ọ̀pọ̀ nínú orúkọ tí a fi ń pe nǹkan nílé lóko ló jẹ́ fáwẹ́ẹ̀lì kan, kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ́ẹ̀lì kan: ilé, omi, ẹja, aṣọ, orí, ẹsẹ̀, ata, epo. Fáwẹ́ẹ̀lì tó lè ṣíwájú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ju 6 lọ, torí pé a kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ulé" ni ilé lẹ́nu àwọn ará Èkìtì. Ẹ fi 18 sọ 6 di púpọ̀, kí ẹ tún fi 7 sọ èyí tí ẹ bá rí di púpọ̀. 756 ni yóò jẹ́. Bí a bá yọ ohùn àti fáwẹ́ẹ̀lì àránmúpè kúrò, ìrísí tí gbogbo orúkọ kúkúrú wọ̀nyẹn lè ní láyé kò lé kan lórí 756.

Èdè tó wà láyé sì tó 7,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ràn kí fáwẹ́ẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì máa tẹ̀ lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi tiwa. Jàpáànì fẹ́ràn rẹ̀. Èdè Hawaii tilẹ̀ ní kọ́ńsónáǹtì 8 péré àti fáwẹ́ẹ̀lì 5, kò sì fàyè gba kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ohun èlò bá kéré tó báyìí, tí iṣẹ́ tí à ń fi wọ́n ṣe sì pọ̀ tó báyìí, ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni bí wọn kò bá pàdé.

Ohùn ni Yorùbá fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí fáwẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ kì í gbé ohùn òkè síwájú, àfi èyí tí a bá yá. Nítorí náà ohùn méjì ló lè wà níbẹ̀, ohùn mẹ́ta sì lè wà lẹ́yìn. Ọ̀nà 6 nìyẹn, 756 sì ti di 4,536. Ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ Yorùbá láìsí ohùn, tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èdè mìíràn, ti bọ́ ọ síhòòhò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé nǹkan. Ẹ mú "ola". Ní Hawaii, ìyè àti ìlera ni. Ní Sípéènì, ìgbì òkun ni. Ní Bràsíl, bí a bá gbé e sókè lẹ́yìn, ìkíni ni. Bí ẹni méjì bá pàdé, "olá" ni wọ́n ń sọ. Èwo nínú tiwa la fẹ́ fi wé èyí? Ṣé ọlá tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ ni, àbí ọ̀la tí a kò mọ ohun tí yóò bí? Ẹni tó ń wá ìbátan kiri yóò mú èyí tó bá ìtàn rẹ̀ mu, yóò sì fi èyí tó kù sílẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀.

"Pele" tún wà níbẹ̀. Tiwa lè jẹ́ pẹ̀lẹ́ tí a fi ń kíni tí a sì fi ń tuni nínú, ó lè jẹ́ pélé tí wọ́n ń kọ sójú nígbà àtijọ́. Ní Hawaii, Pele ni òrìṣà obìnrin tó ni iná inú òkè ayọnáyèéfín. Òkè Kīlauea ni ilé rẹ̀. Nínú Bíbélì èdè Hébérù, níbi tó jẹ́ Àìsáyà orí 9 ẹsẹ 6 nínú tiwa, ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa túmọ̀ sí Ìyanu ni "pele". Ní Bràsíl, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní 1940, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edson Arantes do Nascimento, kò lè pe orúkọ amúlé kan tó ń jẹ́ Bilé dáadáa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi àṣìpè náà sọ ọ́ ní Pelé. Òun ni Pelé tó bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Santos wá sí Èkó ní 1969. Ẹlẹ́rọ̀, oníná, Ìyanu, agbábọ́ọ̀lù: kò sí èyí tó bí èkejì nínú wọn. Ọmọdé kan ló ṣi orúkọ pè ní Bràsíl, òun náà sì di ìró kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wòlíì. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé a kò lè fi ìró nìkan mọ ìdílé ọ̀rọ̀.

Mo lè máa kà wọ́n lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nínú ọjà Pólàǹdì, ẹni tó bá ń béèrè pé "Ile?" kò wá ilé o, èló ni ọjà náà ló fẹ́ mọ̀. "Oko" ni ojú lédè kan náà, ojú tí a fi ń ríran. "Omi" ni àwọn ọmọ Jámánì ń pe ìyá àgbà wọn bí wọ́n bá ń gẹ̀ ẹ́. Ní gúúsù Jámánì yìí kan náà, bí ènìyàn bá ń dágbére, "ade" ni yóò sọ, tí yóò sì tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ wa tó bá ń jẹ́ Adé nílùú Stuttgart yóò máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù gbogbo. "Ata" ni baba ńlá ní Tọ́kì, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fún Mustafa Kemal ní orúkọ Atatürk ní 1934, pé òun ni baba àwọn Tọ́kì. "Ori" ni eéjì ní Jọ́jíà, orílẹ̀-èdè tó wà létí Òkun Dúdú.

Orúkọ ìlú ni ó máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú irú nǹkan báyìí. Ní Họ́láǹdì, ìpínlẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Gelderland. Nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo yìí, ìlú kan wà tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Ede, òmíràn sì wà tí wọ́n ń kọ tirẹ̀ ní Epe. Àwọn tó bá lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì Wageningen mọ Ede dáadáa, torí pé Ede-Wageningen ni ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ti máa ń sọ̀ kalẹ̀. Tìmì, tó ni Ẹdẹ tiwa, kò tẹ ìlú kankan dó níbẹ̀. Kòsọ́kọ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé kúrò ní Èkó ní 1851 tó sì forí lé Ẹ̀pẹ́, kò dé Họ́láǹdì. Bí ẹ bá sì dé àwọn òkè àárín gbùngbùn Vietnam, ẹ ó bá àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń pè ní Êđê, tí èdè wọn bá ti àwọn ará erékùṣù Indonesia àti Hawaii tan. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe dùn létí: èdè àwọn Êđê. Ó dùn, ibẹ̀ ló sì parí sí.

Ọ̀nà kan tún wà tí ìjọra ń gbà wáyé, tí kì í ṣe ìbátan, tí kì í sì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Baba ni bàbá lọ́dọ̀ wa, òun náà ni lẹ́nu àwọn Súwàhílì àti lẹ́nu àwọn ará Tọ́kì. Ṣùgbọ́n ní Rọ́ṣíà àti Pólàǹdì, arúgbó obìnrin ni "baba". Ní Jàpáànì pẹ̀lú, arúgbó obìnrin ni. Ní Jọ́jíà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, "mama" ni wọ́n ń pe bàbá ọmọ, "deda" sì ni ìyá rẹ̀. Ní 1960, Roman Jakobson, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ èdè ayé, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ọwọ́ ló ń dá ìró wọ̀nyí sílẹ̀. Ètè ni ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò, torí òun ni ó fi ń mu ọmú. B, p àti m sì ni ìró ètè. Ti m tilẹ̀ ṣeé gba imú pè nígbà tí ọmú bá wà lẹ́nu. Ọmọ náà kò pe ẹnikẹ́ni. Àgbà tó jókòó tì í ló gbà pé òun ni ó ń pè, ibi tí àgbà yẹn bá sì jẹ́ bàbá, ìyá, tàbí ìyá àgbà ni ìtumọ̀ ti ń yàtọ̀.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ. Ní àwọn ọdún 1960 sókè, R. M. W. Dixon, onímọ̀ èdè, ń wá àwọn tó ṣì gbọ́ èdè àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ní àríwá Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Ọ̀kan nínú àwọn èdè náà ni Mbabaram, àwọn tó sì kù tó gbọ́ ọ kò tó nǹkan mọ́. Ó rí bàbá kan, Albert Bennett, bàbá náà sì sọ fún un pé "dog" ni àwọn ń pe ajá. Bẹ́ẹ̀ "dog" ni ajá lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti yá a. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dixon wo èdè àwọn aládùúgbò wọn, ó rí i pé àwọn Yidiny ń pe ajá ní "gudaga". Mbabaram ti gé sílébù àkọ́kọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà, ó ti gé fáwẹ́ẹ̀lì ìparí, ó sì ti yí "a" àárín padà sí "o". "Dog" ló ṣẹ́kù. Wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún àwọn ọ̀rọ̀ wọn mìíràn pẹ̀lú, kì í ṣe fún ajá nìkan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, "docga" ni ọ̀rọ̀ náà nígbà láéláé. Ọ̀rọ̀ méjì gbéra láti ìpẹ̀kun ayé méjì, wọ́n ń gé ara wọn kúrú lọ, wọ́n sì bá ara wọn lójú kan.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọ̀rọ̀ yìí kan orísun tiwa. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, gbà pé ìlà-oòrùn ni àwọn baba wa ti wá. Ní 1948, Àlùfáà J. Olumide Lucas gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá. Ó to ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti Íjíbítì àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì fi ìjọra wọn sọ pé Yorùbá ti gbé Íjíbítì rí. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ Yorùbá tó jókòó tira ní àkókò tí àwọn aláṣẹ òyìnbó kò ka ohun tiwa kún, tó ní kí a gbé e ka àtẹ pẹ̀lú ọ̀làjú tó lókìkí jù láyé, ó ṣe iṣẹ́ akin. Ọ̀nà tó gbà ni mi ò lè bá a tọ̀.

Ìdí àkọ́kọ́ wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé ní Íjíbítì. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ; wọn kì í kọ fáwẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá rí kọ́ńsónáǹtì méjì lára ògiri ibojì lè ki fáwẹ́ẹ̀lì tó bá wù ú bọ àárín wọn, títí yóò fi jọ ọ̀rọ̀ tó ní lọ́kàn. Bí ó bá sì tún ti yọ ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ló kù tí kò ní í jọra? Ìdí kejì ni pé a mọ ìdílé èdè Íjíbítì àtijọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn kú, m àti t ni wọ́n kọ. Lárúbáwá ní "māta". Àwọn Hausa ní "mutu". Ẹ fetí sí m àti t tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tiwa ni kú. Bí ẹnì kan nínú àwa tí a jọ wà ní Nàìjíríà bá fẹ́ bá Íjíbítì tan nípa èdè, àwọn Hausa ni ọ̀rọ̀ náà kàn; ìdílé tiwa ni ti Ígálà, Nupe, Ẹ̀dó àti Ìgbò.

Kí wá ni ẹ̀rí tòótọ́? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kúbà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, Lucumí sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di òní, àwọn ọmọ wọn ń sọ pé "aché". Àṣẹ wa ni. Báwo la ṣe mọ̀ pé àṣẹ ni, tí kì í ṣe kòńgẹ́? Nítorí pé kò dá wá. Ẹ gbọ́ àwọn tó bá a rìn: oricha ni òrìṣà, iyalocha ni ìyálórìṣà, Changó ni Ṣàngó, Ochún ni Ọ̀ṣun. Gbogbo ibi tí ahọ́n tiwa ti pe ṣ, ch ni wọ́n pè, torí pé èdè Sípéènì kò ní ṣ. Ẹ sọdá sí Bràsíl níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ wa ní Nagô: axé, orixá, Xangô, Oxum, Oxóssi. X ni wọ́n fi ń kọ ìró ṣ nínú èdè Potogí. Ìyípadà náà ní òfin. Ẹni tí kò tíì dé Bahia rí lè jókòó sí Ìṣẹ́yìn, kí wọ́n sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ ní x, kí ó sì mọ ìró tí òun máa wá nínú Yorùbá.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó wà ní Paraguay. Nínú igbó Paraguay, àwọn ènìyàn kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Aché. Èdè Sípéènì ni ìjọba ibẹ̀ náà ń lò pẹ̀lú Guaraní, lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ orúkọ yìí àti ti Kúbà. Ṣùgbọ́n kò sí Changó níbẹ̀, kò sí oricha, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó tẹ̀ lé e wá láti ilẹ̀ wa. Ìdílé èdè Guaraní ni tiwọn, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n sì jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní "ache" tirẹ̀, ìrora ni. Lójú ẹni tó ń kàwé, ọ̀kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí òfin ìyípadà bá ti wà, ìjọra gan-an kò pọn dandan mọ́. Àwọn Súwàhílì ń sọ pé ẹnì kan "fa". Kò jọ kú rárá. Àmọ́ àwọn onímọ̀ tó ṣe ìwádìí lórí àwọn èdè Bantu rí i pé "kú" ni ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn, pé nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn èdè náà k di f nígbà tó bá ṣíwájú irú "u" yẹn, àti pé lẹ́nu àwọn Kongo tó ń sọ pé "fwa", òjìji "u" náà ṣì hàn. Nítorí náà, "fa" tí etí yóò kọ̀ sílẹ̀ ní Mombasa ni àbúrò ikú wa. "Iku" ti Jàpáànì tí etí gbà tọwọ́ tẹsẹ̀ kò bá wa tan níbì kankan.

Àwọn tó bá fẹ́ fi ojú ara wọn rí òfin yìí kò ní láti rìn jìnnà. Bí ẹ bá ní aládùúgbò tó jẹ́ Ígálà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó ka nǹkan fún yín. Ẹ̀ta wa ni ẹta wọn, ẹ̀fà ni ẹfa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ẹ̀rin, ẹlẹ ni yóò wí. Nígbà tí ẹ bá dé àrún, ẹlu ni. Ẹ ní kí ó dárúkọ ẹran, ẹla ni yóò pè é. L wà níbi tí r tiwa wà, ìránmúpè sì ti lọ kúrò lára fáwẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ lé e. Ní ẹ̀wá, yóò wí pé ẹgwa. Ẹ má dúró síbi òǹkà nìkan. Ẹ béèrè orúkọ ẹ̀yà ara, ti ẹranko àti ti igi oko. Ẹ kọ tiwa àti tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pàápàá jù lọ èyí tí kò jọra lójú yín, kí ẹ fi ṣọwọ́ sí wa nílé iṣẹ́ rédíò yìí. A ó kà wọ́n lórí afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i.